Gout bàbá mi tún ti dé: ṣé ẹ̀wà ni ká pa tì, àbí bíà?

Àdùkẹ́_Bódìjà | Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, awakọ̀ akérò, Ìbàdàn sí Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Wọ́n wọn kílò 98. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń wú, á pọ́n, á gbóná, aṣọ ìbora pàápàá kò gbọdọ̀ kàn án. Ìgbà kẹta nìyí lọ́dún yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé uric acid wọn jẹ́ 9.1 mg/dL. Moduretic ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lópin ọ̀sẹ̀, bíà ìgò 3 àti pẹ́pà súùpù inú ẹran kì í wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Lójú ọ̀nà ẹ̀wẹ̀, wọn kì í fẹ́ mu omi, kí wọ́n má baà máa dúró tọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ gout, wọ́n ti pa ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀fọ́, tòmátì, ẹran àti ẹja tì. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata lásán ló kù, pẹ̀lú mọ́ọ̀tì "fún okun". Bíà ṣì wà ní tirẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí wọ́n máa jẹ gan-an, kí ni kí wọ́n fi sílẹ̀?

Jagun_Ọ̀ṣogbo | 8:05 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ wa. Ẹ̀wà ni olórí ọ̀tá, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ 4 sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n bu káún ìdajì ṣíbí tíì sí i, kí wọ́n máa mu ún láràárọ̀. Káún á pa ásíìdì yẹn. Lálẹ́, kí wọ́n fi ìpara gbígbóná ra ẹsẹ̀ náà dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti lọ.

Apòògùn_Mókọ́lá | 8:51 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ má bínú o, n óò ta kò yín díẹ̀.

Sodium ló kún inú káún, èyí kan náà tó wà nínú iyọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tó ń mu ìdajì ṣíbí rẹ̀ láràárọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ sókè ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò burú, àmọ́ omi tí ẹ fún un sí ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé ọsàn ń ṣe.

"Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti lọ" yẹn, òótọ́ ni. Gout tó bá dìde máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹ lo nǹkan o, ẹ ò lo nǹkan o. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àgbo kan tí wọn kò yìn fún un. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé: ṣé kò padà wá mọ́?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Nínú ara wa àti nínú oúnjẹ, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní purine. Bí ara bá fọ́ ọ, uric acid ló ń dà. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Oúnjẹ kò kó ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kíndìnrín ló ń tọ̀ ọ́ dànù. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní gout ni pé kíndìnrín wọn kì í lé e jáde tó, kì í ṣe pé wọ́n ń jẹun ju ẹlòmíràn lọ. Bí iye rẹ̀ bá ti ju nǹkan bí 6.8 mg/dL, ẹ̀jẹ̀ kò lè pò ó mọ́. Ẹni tó bá ti da ṣúgà jù sínú gààrí olómi tútù ti rí bó ṣe ń jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni uric acid ṣe ń jókòó sínú oríkèé, ó ń dì, ó ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jìnnà sí ọkàn, ó tutù ju ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dì sí. Lọ́jọ́ tí ara bá rí àwọn abẹ́rẹ́ yẹn bí ọ̀tá, ogun bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú bàbá ni kí 9.1 wá sábẹ́ 6, kó sì dúró síbẹ̀ fún oṣù àti ọdún, kí àwọn tó ti dì tẹ́lẹ̀ lè yọ́ padà.

Olóúnjẹ_Peckham | 10:22 àárọ̀

Ìmọ̀ oúnjẹ ni iṣẹ́ mi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá rí ìwé láti Lọ́ńdọ̀nù tó sọ pé 360, ẹ má fòyà, òṣùwọ̀n wa ló yàtọ̀: 6 mg/dL yẹn kan náà ni. 9.1 ti bàbá jẹ́ nǹkan bí 541 lọ́dọ̀ wa.

Ẹ dá ẹ̀wà padà fún bàbá lónìí. Òótọ́ ni pé purine wà nínú ẹ̀wà, ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyẹn. Àmọ́ ní 2004, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde tó tọpa àwọn ọkùnrin tó lé ní 47,000 fún ọdún 12. Àwọn tó ń jẹ ẹran àti ẹja inú omi púpọ̀ ni gout mú jù. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti olú kò rí àlékún kankan. Àwọn tó ń mu mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kò ní in tó àwọn yòókù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹ̀gúsí, kí wọ́n máa jẹ gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó pọ̀ ní purine tó sì ń pani lára nìwọ̀nyí. Ẹ̀dọ̀ adìẹ: nǹkan bí miligíráàmù 300 nínú gíráàmù 100. Ẹ̀dọ̀ màlúù: nǹkan bí 220. Ẹran màlúù lásán: nǹkan bí 110. Ẹyin àti mílíìkì: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Àwọn dókítà Japan ń sọ pé kí ẹni tó ní gout má jẹ ju 400 lọ lójúmọ́. Abọ́ pẹ́pà súùpù kan tó ní ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìyẹn tán kí bíà tó dé.

Ṣùgbọ́n bàbá ti pa ẹran tì, wọ́n wá gbé mọ́ọ̀tì rọ́pò rẹ̀! Mọ́ọ̀tì kò ní ọtí, ṣùgbọ́n ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ìdajì ṣúgà tí à ń lò nílé jẹ́ fructose, fructose yìí sì ni irú ṣúgà tó jẹ́ pé bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, uric acid ni yóò máa tú jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò ẹlẹ́rìndòdò: bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 sí mililítà 100, ìgò 50 cl ti ní gíráàmù 50, ìyẹn ju kóró ṣúgà 12 lọ bí kóró kan bá jẹ́ gíráàmù 4. Oyin kò yọ sílẹ̀. Omi èso inú páálí kò yọ sílẹ̀. Ọsàn tí wọ́n bó tí wọ́n jẹ, kò sí wàhálà.

Kí wọ́n máa mu omi lítà 3 lójúmọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí kílò máa dín díẹ̀díẹ̀, ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti tó.

Ìyá_Alásè | 11:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun o, Olóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ ti fo ibi ìdáná kọjá. Kì í ṣe ohun tí a fi sínú abọ́ nìkan, bí a ṣe sè é ńkọ́?

Purine máa ń yọ́ sínú omi. Bí ẹ bá bọ ẹran, apá kan rẹ̀ ti wà nínú omi ẹran, omi ẹran yẹn gan-an la sì fi ń se ọbẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Pẹ́pà súùpù ló burú jù, nítorí omi yẹn kan náà la ń fi ṣíbí mu. Kí ẹ gé ẹran sí wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15, kí ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù, kí ẹ tó bu òmíràn kí ẹ fi èròjà sí i. Ẹ má fi èròjà sí omi àkọ́kọ́, owó yín lẹ ń dà nù yẹn. Adùn tó bá bá omi lọ, irú wooro, àlùbọ́sà púpọ̀, efinrin àti ata rodo á dá a padà. Ẹran tí ẹ ó bù fún bàbá kò gbọdọ̀ ju èkìrí kékeré 2 lọ lóòjọ́, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí fùkù. Ṣàkì kò burú tó ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ojoojúmọ́.

Edé gbígbẹ: bí nǹkan bá ti gbẹ, ohun inú rẹ̀ ti fún pọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ edé nínú ìkòkò kan kì í ṣe ìtàsánsán mọ́. Ṣíbí ìjẹun kan fún ìkòkò ènìyàn 6 ti tó, tàbí kí ẹ fi irú rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Sáwá gbígbẹ àti sadíìnì inú agolo wà lára àwọn tí ẹ ó dín kù.

Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Ẹ̀wà kò jẹ̀bi. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ló jẹ̀bi: ẹ̀dọ̀, edé, sadíìnì, ẹran agolo, tí wọ́n sì tún fi omi ẹran lọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹyin nìkan sí i, ẹ fi omi lásán àti òróró díẹ̀ pò ó, kí bàbá jẹ méjì.

Jagun_Ọ̀ṣogbo | 11:48 àárọ̀

Kí wọ́n da omi ẹran nù! Nínú ilé Yorùbá! Ìyá Alásè, ẹ fẹ́ kí ọbẹ̀ máa sunkún ni.

Mo gbà lórí káún. Ṣùgbọ́n bíà: ẹ jẹ́ kí bàbá bọ́ sórí ògógóró nígbà náà, kò sí purine nínú ìyẹn.

Apòògùn_Mókọ́lá | 12:10 ọ̀sán

Lóòótọ́ ni pé kò sí purine nínú ògógóró, nítorí ńṣe ni wọ́n ṣe é kó hó kó tó padà dì sí omi. Ọtí fúnra rẹ̀ ni ìṣòro níbẹ̀. Bí ara bá ń fọ́ ọtí, èròjà kan tó ń jẹ́ lactate á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á wá máa gba uric acid padà sínú ara dípò kó lé e jáde. Ọtí tún ń mú ni tọ̀, omi ara á gbẹ. Bíà burú jù nítorí pé ó ní ọtí, ó sì tún ní purine tirẹ̀ láti inú ọkà àti ìwúkàrà. Ẹmu náà ń gbé ìwúkàrà rẹ̀ àti ṣúgà kiri, pàápàá èyí tí kò tíì kan. Àwọn àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí ni ẹ mú un sí.

Bí bàbá kò bá lè fi bíà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìgò 1 lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó má ṣe bá inú ẹran pàdé lórí tábìlì, kí omi píọ̀ wọ́tà 1 tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún àti ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn rẹ̀, òfo ni.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́ | 1:34 ọ̀sán

Kí a tó máa bá oúnjẹ lọ, ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá lọ́wọ́lọ́wọ́ ńkọ́?

Ẹ má ra á. Ẹ má fi ìpara gbígbóná sí i, ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó o. Oríkèé tó ti gbiná ni, ẹ tún fẹ́ da epo sí i. Ẹ fọ́ omi dídì sínú ọ̀rá, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ má gbé omi dídì lé awọ lásán, á bó awọ, pàápàá bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí kó ga ju ìbàdí lọ. Lálẹ́, ẹ gé páálí kan ní ìhà méjèèjì, kí ó dà bí ihò, ẹ gbé e bo ẹsẹ̀ kí aṣọ ìbora má baà kàn án.

Kí wọ́n má wa ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì, ẹni tí àtàǹpàkò ń dùn kò lè tẹ̀ ẹ́ tó lójijì.

Ó ku ohun kan: bí ibà bá wà, bí ara bá ń gbọ̀n, bí egbò bá wà lẹ́bàá oríkèé náà, tàbí bí orúnkún bá wú lójijì fún ẹni tí kò ní gout rí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kòkòrò tó wọ inú oríkèé máa ń jọ gout, ó sì lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bàbá tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró.

Jagun_Ọ̀ṣogbo | 1:50 ọ̀sán

Apòògùn sọ láàárọ̀ pé òtútù ló ń jẹ́ kó dì sí àtàǹpàkò. Nọ́ọ̀sì wá ní kí a gbé omi dídì lé e. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́ | 2:02 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ti dì ti dì ná. Ìwúlé àti iná tó wà níbẹ̀ ni omi dídì ń pa, ìṣẹ́jú 20 kò tó láti yí iye uric acid inú ẹ̀jẹ̀ padà. Nígbà tí ìrora bá ti lọ, kò sí ìdí fún omi dídì mọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, kí wọ́n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, kí bàtà má sì fún àtàǹpàkò.

Awakọ̀_Ọ̀nà_Jínjìn | 3:27 ọ̀sán

Olóúnjẹ Peckham, lítà 3 rọrùn láti sọ. Awakọ̀ tó bá da lítà 3 sínú kó tó kúrò ní gáréèjì, èrò á bú u kó tó dé Fìdítì. Kò sì ní mu ún mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Bí a ṣe ń pín in nìyí. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50 cl. Ọ̀kan ní kété tí wọ́n bá jí, wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n tọ̀ ọ́ tán nílé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fa omi díẹ̀díẹ̀, ẹnu méjì-mẹ́ta ní ìṣẹ́jú 20, ọ̀kan láàárín Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Omi tí a ń fà díẹ̀díẹ̀ kì í lé ni bí èyí tí a gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn èrò náà fẹ́ ẹ, wọn kò kàn sọ ni. Tí wọ́n bá dé Ìlọrin, ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò. Ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Márùn-ún nìyẹn, lítà 2 ààbọ̀. Àwọ̀ ìtọ̀ ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n: bí ó bá pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, omi kò tó.

Ibi tí ẹ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ẹlẹ́rìndòdò àti ohun mímu amáragbára tí wọ́n ń kó bá ọkọ̀ ní gáréèjì. Àwọn awakọ̀ kan lè mu mẹ́ta lójúmọ́ kí oorun má baà kùn wọ́n. Ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n rà, kí wọ́n fi omi lé e.

Olóúnjẹ_Peckham | 4:05 ìrọ̀lẹ́

Mo túúbá, awakọ̀. Lítà 2 ààbọ̀ tí a mu dára ju lítà 3 tí a kò mu lọ. Kí n tún fi kún un: ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé iye yìí láìbi dókítà, omi lè pọ̀ jù fún un.

Sísí_Ìkòròdú | 5:19 ìrọ̀lẹ́

Ṣé obìnrin náà ń ní gout?

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́ | 5:31 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró. Èròjà ara obìnrin máa ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti lé uric acid jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà, ààbò yẹn lọ.

Apòògùn_Mókọ́lá | 6:44 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dúró de ẹni tí yóò mẹ́nu ba Moduretic, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Hydrochlorothiazide wà nínú rẹ̀, oògùn tó ń mú ni tọ̀ omi àti iyọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí kíndìnrín di uric acid mú. Lasix, oògùn mìíràn tó ń mú ni tọ̀, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá lè máa bọ ẹran da omi nù títí di ọdún tó ń bọ̀, kí oògùn yìí máa gba ẹ̀yìn dá a padà. Ẹ MÁ ṢE DÁ A DÚRÓ FÚNRA YÍN. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní oògùn lè fa rọpárọsẹ̀, gout kì í ṣe ìyẹn. Kí wọ́n lọ bi dókítà bóyá ó lè pa á dà. Nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, amlodipine kì í gbé uric acid sókè, losartan tilẹ̀ máa ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ díẹ̀ láti tọ̀ ọ́ dànù. Asipirín kékeré tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn ọkàn náà máa ń gbé e sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún máa lò ó lọ.

Fún ìrora: oògùn tí a bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n diclofenac pẹ̀lú Moduretic àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín ló ń sanwó rẹ̀. Colchicine 0.5 mg, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ bí dókítà bá kọ ọ́, ló sábà máa ń rọrùn fún irú bàbá yìí. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ó ti pọ̀ jù. Wọn kò gbọdọ̀ lo clarithromycin, oògùn apakòkòrò kan, pẹ̀lú rẹ̀, májèlé ni. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún "abẹ́rẹ́ gout" ní kẹ́míìsì àti àgbo tó ń pa ìrora lójú ẹsẹ̀: dexamethasone, irú oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, ló sábà máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, àwọn kan sì ń lọ irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àgbo. Bí ó bá di oṣooṣù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, egungun á rọ.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí bàbá bá ṣe gbogbo ohun tí a kọ síbí, iye yẹn lè wá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1 mg/dL. 9.1 á di nǹkan bí 8. Kò tíì dé 6.

Jagun_Ọ̀ṣogbo | 7:02 alẹ́

Kí la wá ń da omi ẹran nù fún?

Olóúnjẹ_Peckham | 7:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀, Apòògùn ti gé e kúrú jù. Nọ́ńbà uric acid kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí bíà 3, ẹ̀dọ̀ àti òǹgbẹ bá pàdé ló sábà máa ń dá ìrora sílẹ̀ láàárọ̀ Àìkú. Ẹ gbé ìyẹn kúrò, ẹ ti gbé ọ̀pọ̀ ìrora kúrò. Kílò 10 tó bá sì kúrò lára, á ran ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Apòògùn_Mókọ́lá | 7:58 alẹ́

Mo gbà, mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ má rò pé bàbá ń jẹ ohun tí kò yẹ ní kọ̀rọ̀ bí ẹsẹ̀ bá tún wú. Ẹni tó bá ti ní in ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ti tó ẹni tí dókítà ń bá sọ̀rọ̀ allopurinol, oògùn tó ń mú uric acid wá sílẹ̀. 100 mg lójúmọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, 50 bí kíndìnrín kò bá lágbára, wọ́n á máa fi kún un ní ọ̀sẹ̀ 4-4 títí tí àyẹ̀wò yóò fi wá sábẹ́ 6.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí oògùn bá ti ń yọ́ àwọn abẹ́rẹ́ yẹn, ìrora lè tún dìde ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á ní "oògùn yìí ló ń ṣe mí", wọ́n á jù ú nù. Kì í ṣe àmì pé kò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi colchicine kékeré tì í lẹ́yìn fún oṣù 3 sí 6. Bí ìrora bá dìde, kí wọ́n máa lo allopurinol lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá a dúró lójú ẹsẹ̀ ni bí awọ bá sú, tàbí tí ẹnu àti ojú bá ń bó: kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àdùkẹ́_Bódìjà | 9:15 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ti jẹ mọ́ínmọ́ín elẹ́yin méjì lálẹ́ yìí, inú wọn dùn. Ìbéèrè 2 ló kù. Lóṣù January, ìjọ wọn máa ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21, láìfi omi kan ẹnu títí di aago 6. Ṣé kí wọ́n gbà á? Èkejì, dókítà ní kí wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ni kí a kó lọ?

Olóúnjẹ_Peckham | 9:50 alẹ́

Ààwẹ̀ gbígbẹ fún ẹni tí 9.1 wà lára rẹ̀, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn. Bí ara kò bá rí oúnjẹ, ọ̀rá ara ló ń jó, ohun tó ń jáde láti inú ọ̀rá yẹn á sì máa bá uric acid du ọ̀nà àbájáde nínú kíndìnrín. Àìmu omi á wá bá a kún un. Kí wọ́n bi pásítọ̀ bóyá wọ́n lè máa mu omi, tàbí kí wọ́n ṣí i ní aago 12. Bí wọ́n bá ta kú pé àwọn ó gbà á, kí wọ́n mu píọ̀ wọ́tà 2 ní ìdájí, 3 láàárín aago 6 sí ìgbà oorun, kí wọ́n fi ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ṣí i, kì í ṣe mọ́ọ̀tì. Kí wọ́n má sì wakọ̀ ọ̀nà jínjìn lọ́jọ́ ààwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́ | 10:06 alẹ́

Fún Ọjọ́bọ̀: ẹ kó gbogbo páálí oògùn wọn sínú ọ̀rá kan, pẹ̀lú àgbo bí ó bá wà, ẹ má fi pamọ́. Ìwé àyẹ̀wò uric acid. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ wú lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta àti ohun tí wọ́n jẹ tí wọ́n mu ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò kíndìnrín àti ti ṣúgà. Ẹ bèèrè nípa Moduretic. Kí wọ́n yẹ etí, ìgbọ̀nwọ́ àti ìka wò bóyá kókó líle funfun wà lábẹ́ awọ. Bí ó bá wà, ìsàlẹ̀ 5 ni wọ́n á máa lé, kì í ṣe 6. Kí ẹ sì tún uric acid yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ìwúlé bá ti lọ pátápátá, nítorí ní àkókò ìrora gan-an, ó lè lọ sílẹ̀ kó tan ènìyàn jẹ.

Jagun_Ọ̀ṣogbo | 10:20 alẹ́

Káún wá ńkọ́ o? Mo ti ra ọ̀rá kan.

Ìyá_Alásè | 10:23 alẹ́

Ẹ gbé e fún ìyàwó yín, kó máa fi díẹ̀ se ewédú.